Driver CAN fún katakata àti ọkọ̀ akẹ́rù: kí ni mo ní láti ṣe kí kernel Linux tó gbà á wọlé?

Ọmọ Tánkẹ̀ béèrè pé:

Àsàlámù àláékùn, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Tánkẹ̀ ní Ìlọrin ni mo ń gbé, ó sì ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń bá àwọn tó ní katakata ní apá Ìdófìàn àti Àjàṣẹ́-Ìpo ṣiṣẹ́, tí mo ń so kọ̀ǹpútà kékeré mọ́ ẹ́ńjìnnì wọn kí wọ́n lè mọ iye wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ lóko, bí epo ṣe ń lọ sí, àti bóyá awakọ̀ ń tẹ ẹ́ńjìnnì ju agbára rẹ̀ lọ. Pátákó tí mo ń lò ní chip CAN kan lórí (CAN ni wáyà méjì tí àwọn ẹ̀rọ inú ọkọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀), èyí tí ó ń gba ojú SPI, ọ̀nà tí chip fi ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, sọ̀rọ̀. Kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, kò sì ní driver, kóòdù tó ń darí chip, fún un. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, ó tó ìlà 3,000. Apá kan ń darí chip náà. Apá kejì, tí ó pọ̀ jù, ń túmọ̀ J1939, ìlànà tí àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ó sì ń gbé àbájáde rẹ̀ sínú fáìlì kan lábẹ́ /dev, fódà tí Linux ń kó fáìlì àwọn ẹ̀rọ sí, tí ètò mi ń kà.

Ó ti ṣiṣẹ́ lórí katakata mẹ́fà fún oṣù mẹ́jọ láìṣe wàhálà kankan. Ní oṣù méjì sẹ́yìn mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó ẹ̀ka CAN nínú kernel, wọn kò fèsì. Mo tún fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn kò tún fèsì. Ó dùn mí wọra. Gbogbo ìgbà tí kernel tuntun bá jáde ni mo ń jókòó tún kóòdù náà ṣe kí ó lè bá a mu, mo sì mọ̀ pé lọ́jọ́ tí n kò bá sí nítòsí, àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn kò ní rí ẹni tí yóò bá wọn tún un ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni mo ti ṣì í?

Ará Òmù-Àrán fèsì pé:

O kú iṣẹ́, àbúrò mi. Oṣù mẹ́jọ lórí katakata mẹ́fà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, nítorí náà má ṣe jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ yẹn mú ọ rẹ̀wẹ̀sì kí a tó mọ ohun tó fà á. Kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, lọ sí lore.kernel.org, níbi tí wọ́n ń kó gbogbo ímeèlì tó bá wọ àkójọ linux-can àti netdev pa mọ́ sí, kí o sì wá orúkọ ara rẹ níbẹ̀. Bí o kò bá rí i, a jẹ́ pé ìwé rẹ kò dé ọwọ́ àwọn tí ò ń retí èsì wọn. Vger, ẹ̀rọ tó ń pín ímeèlì àwọn àkójọ yẹn, kì í gba ímeèlì tó bá ní HTML nínú, bẹ́ẹ̀ HTML ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a fi ń kọ ímeèlì lórí fóònù ń fi ránṣẹ́ láìsọ fún wa. Sọ bí o ṣe fi ránṣẹ́ fún wa, kí o sì sọ ohun tí o rí.

Ọmọ Tánkẹ̀ fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo wá orúkọ mi títí, kò sí níbẹ̀. Orí fóònù ni mo ti kọ ímeèlì náà, mo sì fi zip so kóòdù mọ́ ọn. Nígbà tí mo wá tú àpótí ímeèlì mi, mo rí ìwé ìdápadà méjì láti ọ̀dọ̀ vger láàárín àwọn ìpolówó tí n kì í ṣí. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń rò pé wọ́n ti kà á, tí wọ́n sì rí i pé kò dára.

Ará Òmù-Àrán fèsì pé:

A dúpẹ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ká ní ó dé ọ̀dọ̀ wọn bí o ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yẹn ni, wọn ì bá dá a padà. Má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: ìdá méjì nínú mẹ́ta kóòdù rẹ ni ìwọ yóò kó kúrò kí ọ̀rọ̀ gbígbà tó wáyé rárá.

J1939 ti wà nínú kernel láti ẹ̀dà 5.4 tí ó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Wo inú fódà net/can/j1939. Ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ tó gba àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan lójú wáyà, ó ń gé ọ̀rọ̀ tó bá ju báìtì 8 lọ sí wẹ́wẹ́, ó sì ń tò ó pọ̀ padà ní òdì kejì, títí dé báìtì 1,785 lọ́nà tó wọ́pọ̀, àti títí kọjá mílíọ̀nù 117 lọ́nà kejì tí àwọn irinṣẹ́ oko ń lò. Kí ètò rẹ kàn ṣí socket (ẹnu ọ̀nà tí ètò fi ń bá netiwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀) irú CAN_J1939, kí ó dè é mọ́ can0, orúkọ ojú CAN náà nínú kernel, kí ó sì sọ PGN, nọ́ńbà irú ìròyìn, tí ó fẹ́ gbọ́. Wo àpẹẹrẹ kan tí ìwọ náà ti rí lóko. Ìyára ẹ́ńjìnnì wà nínú PGN 61444, bí o bá sì ṣí candump, ètò tó ń fi ọ̀rọ̀ ojú wáyà hàn, wàá rí nọ́ńbà ìdánimọ̀ 0CF00400 tí ó ń kọjá léraléra. Báìtì kẹrin àti ìkarùn-ún ló gbé ìyára náà. Bí wọ́n bá jẹ́ 20 àti 1C, báìtì kékeré ló máa ń ṣáájú, nítorí náà 1C20 ni a óò kà ní òǹkà hex (oní-mẹ́rìndínlógún), ìyẹn 7,200 ní òǹkà wa. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0.125, a jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń yí ìgbà 900 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣirò yìí kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe nínú kernel. Inú ètò rẹ ni ilé rẹ̀.

Ní ti fáìlì /dev, ìtàn ló wà nídìí rẹ̀. Kí SocketCAN tó dé, ẹni tó bá ń ta pátákó CAN ló máa ń kọ fáìlì /dev tirẹ̀ bó ṣe wù ú, ètò tí a sì kọ fún pátákó lágbájá kì í ṣiṣẹ́ lórí ti tàmẹ̀dù. SocketCAN tí àwọn oníwàádìí Volkswagen bẹ̀rẹ̀, tí ó wọ kernel 2.6.25 ní oṣù Kẹrin ọdún 2008, ló sọ CAN di ojú netiwọ́ọ̀kì gẹ́gẹ́ bí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ṣe jẹ́, kí ètò kan ṣoṣo lè bá gbogbo pátákó lò. Ẹni tó bá tún gbé fáìlì /dev wá ń fà wọ́n padà síbi tí wọ́n ti kúrò. Má sì rò pé wọn kò mọ ìyà tó ń jẹ ọ́. ISO-TP, ìlànà tí àwọn rewáyà fi ń bi ọkọ̀ léèrè ohun tó ń ṣe é, wà lẹ́yìn odi kernel fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó wọlé ní ẹ̀dà 5.10 ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn tó ń lò ó sì ń tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tí kernel bá yí padà, bí ìwọ ṣe ń ṣe báyìí.

Ohun kejì ni pé kóòdù ìlànà máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ètò èyíkéyìí tó bá wà lórí ẹ̀rọ. Syzbot, ẹ̀rọ Google tó ń ju ọ̀rọ̀ játijàti lu kernel tọ̀sán tòru, ti rí àṣìṣe nínú J1939 tó wà níbẹ̀ pàápàá, àwọn alábòójútó sì ti fi àkókò wọn tún un ṣe. Ẹni tó bá gba kóòdù rẹ ló gba ẹrù rẹ̀. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ mìíràn bá gbé ìwọ lọ, òun ló máa dáhùn ìwé ẹni tó ń ṣàròyé láti Jámánì tàbí láti Bràsíl lórí chip tí òun kò fojú rí rí. Fi ojú onítọ̀hún wo gbogbo ìlà tí o bá kọ, ọ̀pọ̀ ìdáhùn wọn kò ní yà ọ́ lẹ́nu mọ́.

Driver chip náà, tí yóò lọ sínú drivers/net/can/spi, ni ohun tí wọn kò ní, òun sì ni kí o mú wá. Ṣùgbọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ná bóyá chip rẹ jẹ́ ọmọ ìyá chip tí driver rẹ̀ ti wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe chip CAN kì í fúnra wọn ṣe inú rẹ̀. M_CAN ti Bosch ni wọ́n máa ń rà sínú tiwọn, ó sì ti ní fódà tirẹ̀ nínú kernel pẹ̀lú èyí tó ń gba ojú SPI. Bí tìrẹ bá jẹ́ irú bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìlà ọgọ́rùn-ún péré lè tó.

Ọmọ Tánkẹ̀ fèsì pé:

Mo ka ìwé chip náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lánàá, mo fi í wé M_CAN àti àwọn yòókù, kò jọ ọ̀kan kan nínú wọn. Mo ti yọ J1939 mi kúrò. Kò rọrùn fún mi, nítorí oṣù márùn-ún ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo so ètò mi mọ́ socket CAN_J1939 ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, iye wákàtí àti ìyára ẹ́ńjìnnì sì bá èyí tí mo ń rí tẹ́lẹ̀ mu. Ìlà 840 ló kù.

Rewáyà Ọ̀fà fèsì pé:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ rewáyà ni mo ń ṣe ní Ọ̀fà, ọkọ̀ akẹ́rù ló pọ̀ jù nínú èyí tí mo ń tọ́jú. N kò kọ kóòdù kernel rí, ṣùgbọ́n mo ti ń lo candump láti ìgbà tí ọmọ mi ti kọ́ mi. Ọmọ Tánkẹ̀, katakata mẹ́fà tí ara wọn le kò tíì dán driver rẹ wò. Oṣù mẹ́jọ tí wáyà kò já, kí lo rí kọ́ nípa ọjọ́ tí wáyà yóò já?

Orí tábìlì ni kí o ti ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí o, kì í ṣe lórí katakata oníkatakata. Mú wáyà yẹ́lò àti wáyà aláwọ̀ ewé, àwọn ni CAN_H àti CAN_L nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lo J1939. Kí iná má sí lójú wáyà rárá, kí o fi mítà wọn ọ̀ọ́mù láàárín àwọn méjèèjì. 60 ló yẹ kí o rí, nítorí rẹsísítọ̀ 120 ló wà ní ìkángun méjèèjì. Bí o bá rí 120, ìkángun kan ti já. Bí o bá rí 40, ẹnìkan ti fi ẹ̀kẹta kún un. Nígbà tí mítà bá sọ pé wáyà dára, tan iná sí i, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa lọ, kí o wá fi yẹ́lò kan aláwọ̀ ewé fún bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Yà wọ́n. Ṣé driver rẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ fúnra rẹ̀, àbí o ní láti pa ẹ̀rọ kí o tún un tàn? Lẹ́yìn èyí, yọ rẹsísítọ̀ kan. Lẹ́yìn èyí, yọ ẹ̀rọ kejì kúrò pátápátá, kí tìrẹ máa sọ̀rọ̀ láìsí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Àwọn mẹ́ta yìí ni mo ń bá pàdé lójú ọ̀nà Ọ̀fà sí Àjàṣẹ́ láràárọ̀.

Ó tún ku ọ̀kan. Mo ti ra pátákó méjì rí tí wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì, àṣé crystal (ohun tó ń lu àsìkò fún chip) 8 MHz ló wà lórí ọ̀kan, 16 ló wà lórí èkejì. Èwo ni driver rẹ gbà pé ó wà níbẹ̀?

Ọmọ Tánkẹ̀ fèsì pé:

Bàbá, ẹ ṣeun lọ́pọ̀lọpọ̀. Mo ṣe é lórí tábìlì lánàá. Bí mo ṣe fi wáyà méjèèjì kan ara wọn báyìí, àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tò sínú dmesg, ìwé àkọsílẹ̀ kernel, bí òjò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà kan náà, kọ̀ǹpútà náà kò sì dá mi lóhùn mọ́. Nígbà tí mo yà wọ́n, kò padà. Ní ti crystal, 8 ni mo kọ sínú kóòdù, n kò mọ̀ pé ó lè yàtọ̀.

Ará Òmù-Àrán fèsì pé:

Bàbá Rewáyà ti bá ọ dé ibi tí àwọn alábòójútó yóò kọ́kọ́ wò. N óò dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí bí driver CAN ṣe ń ṣe nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ọ́ mọ iṣẹ́ náà.

Chip CAN ní òǹkà fún àṣìṣe. Bí òǹkà ìfiránṣẹ́ bá dé 128, ó bọ́ sí ipò error-passive. Bí ó bá kọjá 255, ó bọ́ sí bus-off, ó sì yọ ara rẹ̀ kúrò lójú wáyà kí ó má baà dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Iṣẹ́ driver rẹ ni láti gbé ìròyìn ipò wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ ètò tó fẹ́ gbọ́ ọ. alloc_can_err_skb ni wàá fi ṣe frame (ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lójú wáyà) tó ń ròyìn àṣìṣe, can_change_state ni wàá fi yí ipò padà. Bí ó bá sì di bus-off, pe can_bus_off, kí o jẹ́ kí restart-ms, iye àkókò ìdúró tí ẹni tó ni ẹ̀rọ yàn, pinnu ìgbà tí yóò padà. Má ṣe tú ọ̀rọ̀ sínú dmesg fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Wáyà tó já kan ṣoṣo lè sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú kan, o sì ti fojú ara rẹ rí i.

Crystal kò gbọdọ̀ wà nínú kóòdù. Inú devicetree, fáìlì tó ń ṣàpèjúwe ohun èlò pátákó fún kernel, ni clock wà, kí driver béèrè rẹ̀ níbẹ̀, kí ó fi sínú can.clock.freq, kí ó sì sọ ààlà chip náà nínú can_bittiming_const. Kernel ni yóò ṣe ìṣirò yòókù nígbà tí ènìyàn bá kọ bitrate (ìyára ojú wáyà) 250000. Bí kóòdù bá gbà pé 8 MHz ló wà níbẹ̀ nígbà tí 16 ló wà, 500,000 ni yóò máa fi sọ̀rọ̀ lójú wáyà 250,000, yóò sì da gbogbo ẹ́ńjìnnì náà rú.

Mo tún rí nǹkan méjì nínú kóòdù tí o fi hàn wá. O pe can_get_echo_skb kété tí o kọ frame sínú chip. Ó ti yá jù. Àwọn ètò mìíràn tó ń gbọ́ lórí can0 gbọ́dọ̀ rí frame náà nígbà tí ó bá ti jáde sójú wáyà ní tòótọ́, ìyẹn nígbà tí interrupt, àmì tí chip fi ń pe kọ̀ǹpútà, bá sọ pé ó ti lọ; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, candump yóò jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Èkejì ni pé o ń bá SPI sọ̀rọ̀ nínú start_xmit, ibi tí kernel ti ń gbé frame fún driver láti fi ránṣẹ́. SPI lè ní láti dúró, start_xmit kò sì gbọdọ̀ dúró. Gbé iṣẹ́ náà fún workqueue, ọ̀wọ́ iṣẹ́ tó lè dúró, dá ọ̀wọ́ dúró pẹ̀lú netif_stop_queue kí àyè inú chip tó kún, kí o sì ṣí i padà nígbà tí àyè bá yọ. Wo bí mcp251x.c ṣe ṣe é. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí cangen, ètò tó ń ṣe frame fún ìdánwò, máa ju frame sí i, kí o máa gbé can0 sókè sódò, kí o yọ module náà kúrò lójijì, kí o sì tún èyí ṣe ní ìgbà ẹgbẹ̀rún kan. Àṣìṣe tó bá wà láàárín ìlẹ̀kùn àti òpó yóò jáde.

Ará Gàá-Àkánbí fèsì pé:

Ọ̀rọ̀ kékeré ni tèmi. Orí kernel tuntun ti ẹ̀ka linux-can-next ni kí o gbé iṣẹ́ rẹ lé, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi sínú pátákó rẹ látọwọ́ ẹni tó tà á. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní gígàbáìtì, git clone, àṣẹ tó ń gba gbogbo rẹ̀ wá, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró bí iná bá lọ tàbí dátà bá já. Fi --depth=1 gba èyí tó wà lókè nìkan, kí o máa fi git fetch --deepen fà á gùn díẹ̀díẹ̀. Kò pọn dandan kí o kọ́ gbogbo kernel ní gbogbo ìgbà tí o bá yí ìlà kan padà; make W=1 drivers/net/can/ tó fún àyẹ̀wò ojoojúmọ́.

Ọmọ Ọlọ́fì fèsì pé:

Àbúrò, ilé aṣọ òfì ni wọ́n ti tọ́ mi ní Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe ń ronú nípa patch, ìyẹn ìyípadà kóòdù tí a ń fi ránṣẹ́. A kì í hun aṣọ òfì ní fífẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń hun ún, kí a tó rán wọn pọ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gbọdọ̀ dá dúró láìtú. Patch rẹ gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìwé YAML tó ń ṣàpèjúwe chip náà fún devicetree, tí o ti fi dt_binding_check yẹ̀ wò, nítorí àwọn alábòójútó devicetree ló máa kà á, wọn kò sì fẹ́ kí wọ́n máa wá a nínú kóòdù C. Lẹ́yìn náà ni driver pẹ̀lú Kconfig àti Makefile rẹ̀ (àwọn fáìlì tó ń sọ bí a ṣe ń kọ́ ọ pọ̀ mọ́ kernel), àti orúkọ rẹ nínú fáìlì MAINTAINERS. Má fi orúkọ yẹn falẹ̀. Òun ló ń sọ fún wọn pé ẹnìkan wà tí yóò dáhùn. Kernel gbọdọ̀ kọ́ láìsí àṣìṣe lẹ́yìn patch kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tó ń wá ìgbà tí nǹkan bàjẹ́ lè dúró síbikíbi láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ àlàyé tó bá patch rìn ṣe pàtàkì tó kóòdù fúnra rẹ̀. Má kọ pé o fi driver kún un nìkan. Sọ chip tí ó jẹ́, ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, ìdí tí o fi yan ọ̀nà tí o yàn, àti bí o ṣe dán an wò. Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò wáyà tí Bàbá Rewáyà kọ́ ọ yóò ti wúlò, nítorí kò dájú pé alábòójútó kankan ní chip yẹn lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú tó yéni ti tó. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ elédè Gẹ̀ẹ́sì.

Fi checkpatch.pl, ètò kernel tó ń yẹ ìkọ̀wé patch wò, pẹ̀lú --strict yẹ ẹ́ wò. Ẹ̀ka netiwọ́ọ̀kì tún ní àṣà tirẹ̀: àwọn variable inú function ni kí o tò láti orí ìlà tó gùn jù dé èyí tó kúrú jù. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n wọn yóò béèrè rẹ̀. get_maintainer.pl ni yóò sọ ẹni tí o máa kọ̀wé sí. git send-email ni kí o fi ránṣẹ́, kò gbọdọ̀ sí zip, kò sì gbọdọ̀ sí fáìlì tí a so mọ́ ọn. Fi ránṣẹ́ sí ara rẹ ná, gba ìwé náà sílẹ̀, kí o sì wò ó bóyá git am, àṣẹ tó ń fi patch inú ímeèlì sínú kóòdù, gbà á. Bí táàbù rẹ bá ti di àlàfo lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni wàá ti mọ̀.

Ọmọ Òró fèsì pé:

Ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í. Ìlà Signed-off-by tí o máa kọ sísàlẹ̀ patch kì í ṣe ìbuwọ́lù lásán. Ó ń jẹ́rìí pé o ní ẹ̀tọ́ láti fi kóòdù náà sílẹ̀ lábẹ́ GPL, ìwé àṣẹ ìlò tí kernel ń lò. Ṣé àkókò tìrẹ ni o fi kọ ọ́, àbí o wà lábẹ́ ẹnìkan tó ń san owó fún ọ? Èmi kọ driver kan nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-iṣẹ́ kan, mo fi ránṣẹ́, ọ̀gá mi sì ní kí n yọ ọ́ kúrò nítorí pé ti ilé-iṣẹ́ ni. Ó bà mí nínú jẹ́ gidi gan-an, ìtìjú sì mú mi níwájú àwọn tó ti fi àkókò wọn kà á. Gba ìwé àṣẹ ṣáájú. Yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú bóyá ẹni tó ṣe chip náà fún ọ ní ìwé rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn àṣírí.

Orúkọ rẹ gan-an ni kí o kọ, kí o sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. UTF-8 ni git ń lò, kò sí ohun tí yóò bàjẹ́. Orúkọ wa tọ́ sí bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ tí yóò wà fún ìgbà pípẹ́.

Ọmọ Tánkẹ̀ fèsì pé:

Àkókò tèmi ni mo fi kọ ọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹni tó ṣe chip náà sì fi ìwé rẹ̀ sí fún gbogbo ayé. Mo fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Mo rí orúkọ mi lórí lore, pẹ̀lú àmì rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ̀rọ Intel tó ń kọ́ kernel fún gbogbo irú kọ̀ǹpútà ti kọ̀wé sí mi pé mo ka báìtì kan lódì fún ẹ̀rọ tó ń to báìtì ńlá ṣáájú. Ní ọjọ́rú, alábòójútó kan bi mí ní ìbéèrè mọ́kànlá, mẹ́ta nínú wọn sì le. Ó tún béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí crystal bá ju ohun tí chip lè gbà lọ. Ṣé kí n tún un ṣe, kí n fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́ lónìí?

Ará Òmù-Àrán fèsì pé:

Rárá, má kánjú. Ìbéèrè mọ́kànlá túmọ̀ sí pé ó kà á láti òkè dé ilẹ̀. Kọ́kọ́ dá a lóhùn, kí o fi ìdáhùn rẹ sí abẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lókè gbogbo rẹ̀. Èyí tí o bá gbà, sọ pé o gbà. Èyí tí o kò gbà, sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Èyí tí o bá gbójú fò nínú wọn ni yóò padà wá ní ẹ̀dà kejì, inú rẹ̀ kò sì ní dùn mọ́. Ẹ̀ka netiwọ́ọ̀kì kò fẹ́ kí ènìyàn tún fi ẹ̀dà mìíràn ránṣẹ́ láàárín wákàtí 24, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sàn jù, kí àwọn yòókù lè sọ tiwọn. Ní ẹ̀dà kejì, kọ ohun tí o yí padà sí abẹ́ ìlà dáṣì mẹ́ta, níbi tí git kò ní gbé e wọ ìtàn, kí o sì fi ojú-ọ̀nà ẹ̀dà àkọ́kọ́ sínú rẹ̀.

Wo ọjọ́ pẹ̀lú. Kernel tuntun ń jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, lẹ́yìn èyí ni àsìkò ìkójọ máa ń wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí net-next, ẹ̀ka tí wọ́n ń kó iṣẹ́ netiwọ́ọ̀kì tuntun sí, kì í sì í gba nǹkan tuntun. Bí o bá fi ránṣẹ́ nígbà náà, wọn yóò ní kí o padà wá. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì nígbà tí ó ṣí, o lè rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan. Ní ti crystal tó ju agbára chip lọ, lọ wo ìwé chip náà, kí driver kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ bí ó bá rí irú rẹ̀, kí o sì dán an wò lórí ohun èlò gidi kí o tó dáhùn.

Rewáyà Ọ̀fà fèsì pé:

Pátákó méjèèjì tí mo sọ wà níbí, 8 àti 16. Mo sì ní òpó wáyà kan tí mo gbé kúrò lára ọkọ̀ akẹ́rù tó jóná, rẹsísítọ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣì dára. Wá nígbà tó bá wù ọ́.

Ọmọ Tánkẹ̀ fèsì pé:

Ọjọ́ Sátidé ni mo ń bọ̀, Bàbá. Mo ti dáhùn mẹ́sàn-án nínú ìbéèrè náà. Mo sọ fún alábòójútó náà pé méjì tó kù ń dúró de ohun tí n óò rí lórí wáyà yín ní Ọ̀fà. N óò dé kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, n óò sì mú mítà àti bátìrì tèmi dání.